Ìjì ká páànù ọ̀rẹ́ mi, inú mi dùn. Ẹ gbà mí o

Ìyá Aláṣọ (Àjàṣẹ́), Ọjọ́ Ajé, 9:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, n kò kọ nǹkan kan rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi.

Aṣọ ni mò ń tà ní ọjà Wàǹdó, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) lórílẹ̀-èdè Benin, àǹkárá àti léèsì díẹ̀díẹ̀. Ó di ọdún mẹ́rìndínlógún báyìí. Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tèmi. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà la ti kọ́ṣẹ́, a jọ ń dá àjọ, ọmọ mi kejì, òun ló kọ́kọ́ pọ̀n ọ́n lẹ́yìn mi. Ìgàn mẹ́rin mẹ́rin la fi bẹ̀rẹ̀. Lónìí ó ti ní ìsọ̀ mẹ́ta, ó ní ọmọ iṣẹ́ márùn-ún, ó ti kọ́lé sí ọ̀nà Àjàrá, àkọ́bí rẹ̀ ti lọ kàwé ní Ṣáínà. Èmi ṣì wà nídìí tábìlì tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Tábìlì yẹn gan-an, ẹsẹ̀ kan ti kán lára rẹ̀, bíríkì ni mo fi gbé e dúró.

N kò bá a jà rí. Bó bá ra nǹkan tuntun, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ kí i kú oríire. Àmọ́ bí mo bá délé, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Bí oníbàárà bá kọjá níwájú mi tó sì yà sọ́dọ̀ rẹ̀, ńṣe ni mo máa ń ka iye yáàdì tó ń wọ̀n fún un láti orí ìjókòó mi. Mo máa ń kà á o! Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, bíi pé ara mi ni wọ́n ti ń gé e.

Ohun tó mú mi kọ̀wé rèé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìjì jà lọ́sàn-án gangan, ó ká páànù orí ìsọ̀ rẹ̀ tó tóbi jù. Òjò dà sórí ọjà. Mo sáré lọ, mo bá a kó aṣọ, mo bá a sunkún pàápàá. Ṣùgbọ́n kí n tó dìde lórí àpótí, nǹkan kan dùn nínú ikùn mi. Ó dùn bí ìgbà téèyàn mu omi tútù nínú oòrùn. Kò pẹ́ rárá, ó ti lọ. Láti ọjọ́ náà n kò rí oorun sùn. Ṣé èèyàn burúkú ni mí ni? Kí ni mo lè ṣe tí ọkàn mi yóò fi balẹ̀?

Ọmọ Zémì (Àjàṣẹ́), 9:52 alẹ́

Ìyá wa, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ kọ́kọ́ pa "status" rẹ̀ lórí WhatsApp kí ẹ má máa rí i mọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó wà ní Paris, ojoojúmọ́ ni wọ́n máa ń gbé fọ́tò sí i, bàtà lónìí, ọkọ̀ lọ́la. Ọjọ́ tí mo pa gbogbo rẹ̀ ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í sùn. Lẹ́yìn náà ni mo wá gbọ́ pé ọkọ̀ tí ọ̀kan fi ń yàwòrán, ti ọ̀gá rẹ̀ ni, òun ló ń fọ̀ ọ́.

Ìyá Aláṣọ (Àjàṣẹ́), 9:58 alẹ́

Ẹ ṣé, ọmọ mi. Àmọ́ ìsọ̀ rẹ̀ ni "status" tí mò ń wò. Ìṣísẹ̀ mẹ́fà péré ló wà láàárín wa. Báwo ni mo ṣe fẹ́ pa ìyẹn?

Òótọ́ Korò 10:15 alẹ́

Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa. Ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn sí àdánù ọ̀rẹ́, gbogbo wa la mọ orúkọ tí à ń pè é nílé. Kí obìnrin yìí lọ jẹ́wọ́ níbi tó yẹ kó lọ.

Alábòójútó 10:31 alẹ́

Òótọ́ Korò, mo ti pa èyí tí ẹ kọ tẹ̀ lé e rẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan sí i, ẹ ó jáde. A kì í pe ọmọ ẹni ní orúkọ yẹn níbí.

Alfa Kékeré (Àjàṣẹ́), Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:20 àárọ̀

As-salaamu alaykum. Ìyá, ẹ fara balẹ̀. Gbogbo wa la máa ń ké Sūratul-Falaq ní alẹ́ kí a tó sùn, ṣùgbọ́n ẹ wo ẹsẹ karùn-ún rẹ̀ dáadáa: a ń wá ààbò kúrò níbi aburú onílara *nígbà tí ó bá ṣe ìlara*. Ohun tí àwọn àgbà alfa máa ń fà yọ níbẹ̀ ni pé èyí tó wá sínú ọkàn lásán kọ́ ni aburú náà, bí kò ṣe èyí tí ọwọ́ àti ẹnu bá gbé jáde. Ẹ̀yin dìde, ẹ bá a kó aṣọ. Ohun tí ọwọ́ yín ṣe nìyẹn.

Ànábì sì sọ pé kò sí ìlara àyàfi sí ẹni méjì: ẹni tí Ọlọ́hun fún lówó tó ń ná an sójú òtítọ́, àti ẹni tó fún ní ọgbọ́n tó ń fi ṣe ìdájọ́ tó sì ń kọ́ni. Ìyẹn ni pé kéèyàn wí pé "ì bá ṣe pé èmi náà ní irú rẹ̀" láìfẹ́ kí ó bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ní in. Ẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ni ìyẹn. Ìgbàkígbà tí ikùn yín bá tún ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ṣe àdúà fún un lójú ẹsẹ̀, ẹ ní kí Ọlọ́hun bù kún un.

Àǹtí Ṣùkúrá (Àjàṣẹ́), 7:05 àárọ̀

Alfa, ẹ ṣé, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ṣe àdúà yẹn fún ìyàwó àbúrò ọkọ mi. Eyín ni mò ń pa. Mo ń sọ "Ọlọ́hun bù kún un" lẹ́nu, mo sì ń wò ó bóyá kò tíì bù kún un jù. Àdúà tí èèyàn fi eyín pa, ta ló ń gbà á?

Ohun tó tú mi sílẹ̀ ni pé mo sọ fún un. A ń yan gàrí nílé ìyá ọkọ wa, èéfín bò wá lójú, àwa méjèèjì la ń da omi lójú tẹ́lẹ̀. Mo ní, "Ìyàwó, mo ń ṣe ìlara rẹ." Ó ní, "Lórí kí ni?" Mo ní lórí pé ìyá ọkọ wa máa ń pe orúkọ rẹ kó tó pe tèmi. Ó rẹ́rìn-ín títí tí gàrí fi jóná díẹ̀. A ti di ọ̀rẹ́ láti ìgbà náà. Ìyá Aláṣọ, ẹ sọ fún un. Ohun tó bá ti jáde lẹ́nu kì í pani nínú mọ́.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì (Àjàṣẹ́), 8:47 àárọ̀

Àtúnṣe kékeré, ẹ má bínú, ìwà olùkọ́ ni. Èmi ò rò pé ìlara tí Ìyá Aláṣọ ń ṣe àti ohun tí Àǹtí Ṣùkúrá ṣe jẹ́ ọ̀kan náà. Ti Àǹtí Ṣùkúrá, owú ni: ìfẹ́ ìyá ọkọ tó yẹ kó jẹ́ tiwọn ni wọ́n rò pé ẹlòmíì ń gbà lọ. Owú máa ń ní ẹni mẹ́ta nínú. Ìlara ò nílò ju ẹni méjì lọ. A lè jẹ́wọ́ owú kí á sì rẹ́rìn-ín, nítorí pé ìfẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀. Ìlara le jù bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún wo nǹkan kan. Ìyá Aláṣọ, ṣé ẹ ti ṣe ìlara Dangote rí? Ó lówó ju ọ̀rẹ́ yín lọ. Ẹ ò ṣe é, nítorí kì í ṣe ẹgbẹ́ yín. Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Leon Festinger, kọ ọ́ ní ọdún 1954 pé ẹni tó bá wa dọ́gba la máa ń fi ara wa wọ̀n. Ìgàn mẹ́rin, ìgàn mẹ́rin, ọ̀gá kan náà: kò sí ẹni tí ẹ tún lè fi ara yín wé bí kò ṣe òun. Kò sọ yín di èèyàn burúkú.

Àǹtí Ṣùkúrá, 8:55 àárọ̀

Olùkọ́, yálà owú yálà ìlara, ó jẹ mí nínú. Ẹ má fi máàkì sí i.

Ọmọ Alákétu (Kétu), 1:18 ọ̀sán

Ìyá Aláṣọ, mo bẹ̀ yín pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀, ẹ má ṣe sọ fún un. Àǹtí Ṣùkúrá, ẹ má bínú sí mi. Orí yín ló gbé yín sọ́dọ̀ ẹni tó ń rẹ́rìn-ín.

Ìyá mi sọ. Kékeré ni mí, àmọ́ mo rántí. Obìnrin kan wà ní agbo ilé kejì tí wọ́n jọ ń lọ sódò, ọmọ ọkùnrin ló ń bí tẹ̀ léra, obìnrin sì ni ìyá mi ń bí kó tó bí mi. Lọ́jọ́ kan, ìyá mi sọ fún un tẹ̀ríntẹ̀rín pé, "Mo ń ṣe ìlara ikùn rẹ o." Àwàdà ni. Kò pé oṣù kan, ibà mú èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ náà, ó kú. Ibà ni, nọ́ọ̀sì sọ bẹ́ẹ̀, oṣù náà ibà kò dá ilé kankan sí. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí ìyá mi sọ ti wà nílẹ̀. Wọ́n gbé e dé iwájú àwọn àgbà. Kò sẹ́ni tó lù ú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tún ra ẹ̀kọ rẹ̀ mọ́. Ìmẹ̀kọ ló sá lọ, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọdún mẹ́rin la fi wà níbẹ̀. Ẹ ò mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lọ́la sí ọ̀rẹ́ yín. Bí ẹ bá ti sọ ọ́, gbogbo ibi tó bá bá a, ẹ̀yin ni yóò kọ́kọ́ rántí.

Ṣùgbọ́n n kò sọ pé kí ẹ gbé e mì. Èmi náà ti ṣe ìlara rí. Aránṣọ ni mí, ìsọ̀ mi kò jìnnà sí Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa. Ilé ẹ̀kọ́ kan gbé iṣẹ́ kakí àwọn ọmọ fún aránṣọ kejì, èmi ni mo sì rò pé ó yẹ kí wọ́n gbé e fún. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ káàkiri pé ẹ̀rọ tó ń lò, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti rí i. Mi ò pè é ní olè o, mo kàn ń sọ pé kò sẹ́ni tó mọ̀. Ẹ rí ohun tí ìlara ń fi ẹnu ṣe.

Nígbà tó di òru Ẹ̀fẹ̀ lọ́dún náà (àwọn àlejò máa ń rò pé ijó lásán ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́, nítorí àjọ UNESCO tó kéde rẹ̀ fáyé gbọ́ ní 2001, wọn ò mọ̀ pé ilé ẹjọ́ ni òru Ẹ̀fẹ̀), akọrin jáde. Ó kọrin ìjọba, ó kọrin ọ̀wọ́n gógó, ó wá kọrin abẹ́rẹ́ kan tí kò lówùú lójú, tó ń kiri ọjà, tó ń sọ pé òwú tó wà lójú abẹ́rẹ́ ẹlòmíì, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti rí i. Kò pe orúkọ. Gbogbo Kétu yí ojú wá sọ́dọ̀ mi. Ojú ń tì mí bí ẹni tó bọ́ṣọ sílẹ̀. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, mo bá rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ mọ́, mo lọ bá ọkùnrin náà. N kò sọ fún un pé mo ṣe ìlara, mo sọ fún un pé mo ba orúkọ rẹ̀ jẹ́, mo sì lọ bá àwọn tí mo sọ ọ́ fún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí mo *ṣe* ni mo tọrọ àforíjì fún. Ohun tí mo *rò*, mo fi í sílẹ̀ fún Orí mi.

Ìyá Aláṣọ, ṣé ẹ ti ṣe nǹkan kan sí i? Ṣé ẹ ti sọ ọ́ láìdáa fún oníbàárà rí?

Ìyá Aláṣọ (Àjàṣẹ́), 10:03 alẹ́

Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, ọmọ Alákétu. Mo ronú sí i lónìí lórí ìsọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan. Obìnrin kan bi mí bóyá àǹkárá rẹ̀ kì í ṣí. Mo dákẹ́. Kì í ṣí o, èmi náà ń rán an wọ̀. Mo kàn dákẹ́, mo gbé ojú sókè.

Ọmọ Alákétu (Kétu), 10:20 alẹ́

Ẹ̀ẹ̀kan nínú ọdún mẹ́rìndínlógún. Ìyá, ẹ lọ sùn.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́ (Àjàṣẹ́), 11:48 alẹ́

Ọ̀rọ̀ oorun yẹn ni kò fi mí lọ́kàn balẹ̀. Bí àìsùn náà kò bá dáwọ́ dúró láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín. Ẹ má dúró de ìgbà tí ọkàn bá balẹ̀.

Alákajú (Ṣábẹ̀ẹ́), Ọjọ́rú, 5:35 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o. Oko ni mò ń lọ, n ó kọ ọ́ ní kíákíá (irọ́ ni, yóò gùn).

Gbogbo yín ń sọ bí ọkàn yóò ṣe balẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi Ìyá Aláṣọ pé báwo ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe ṣe é. Ẹ̀yin fúnra yín náà ò sọ, Ìyá. Ìgàn mẹ́rin di ìsọ̀ mẹ́ta, kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín?

Èmi àti aládùúgbò mi la jọ gbin kajú lọ́dún kan náà, ẹ ó máa rí àpáta Ṣábẹ̀ẹ́ láti orí oko wa. Láti ọdún kẹfà, tirẹ̀ ń so, tèmi ń ṣe ewé. Mo ní oògùn ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo ti lọ bá ẹnì kan pé kó bá mi wò ó. Ọdún mẹ́fà mìíràn ni mo fi ń dúró ní ààlà, tí mò ń wo èso rẹ̀ nílẹ̀, pupa àti yẹ́lò, tí inú mi ń gbóná. Lọ́jọ́ kan, ẹran mi já, ó sáré wọ oko rẹ̀, mo bá wọlé tẹ̀ lé e. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo dé àárín oko rẹ̀. Mo gbójú sókè, mo rí ojú ọ̀run. Ní oko tèmi, ẹ ò lè rí ojú ọ̀run, ẹ̀ka ti wọnú ẹ̀ka. Ó tó mítà mẹ́wàá láti igi kan sí èkejì lọ́dọ̀ rẹ̀. Èmi, mítà márùn-ún, torí mo rò pé igi tó bá pọ̀ ni èso yóò pọ̀.

Mo bi í. Ó ní ó ti pẹ́ tóun ti ń wò mí, òun rò pé mo mọ̀, pé ìgbéraga ni kò jẹ́ kí n gé e. Mo gé igi ní àárín igi. Igi tó ti ń so díẹ̀díẹ̀ o! Ìyàwó mi ní orí mi ti dàrú. Ọdún kẹta lẹ́yìn náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó àpò. Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ iye tí wọ́n ń rà á la jọ máa ń sọ, láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí ìjọba Benin ti ní kí ẹnikẹ́ni má kó kajú tí wọn kò tíì fọ́ jáde kúrò nílẹ̀ wa mọ́. Òun ní ó dára, èmi ní kò dára. A jọ ń pariwo lórí rẹ̀ lábẹ́ igi rẹ̀.

Ìyá, ẹ wọ oko rẹ̀. Ẹ bi í.

Àǹtí Ṣùkúrá, 7:30 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n Alákajú, ìtàn yín dùn, àmọ́ oko kọ́ ni ọjà. Bí aládùúgbò yín bá là yín lójú, igi tiẹ̀ kò ní í so kéré. Ní Wàǹdó, bí ó bá fi ibi tó ti ń ra ọjà hàn yín, oníbàárà kan náà ni ẹ ó jọ máa dù. Kò ní í sọ.

Alákajú (Ṣábẹ̀ẹ́), 12:10 ọ̀sán

Bí kò bá sọ, ó ti sọ nǹkan kan nìyẹn.

Ọmọ Zémì (Àjàṣẹ́), 12:44 ọ̀sán

Mo fara mọ́ Àǹtí. Ọ̀rẹ́ mi kan ń ta kpayo (epo bẹntiróò tí wọ́n ń gbé wọlé láti Nàìjíríà lábẹ́lẹ̀), owó ń wọlé, mo ń ṣe ìlara rẹ̀, mo bi í bó ṣe ń gbà á wọlé, kò sọ. Nàìjíríà wá yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, epo wọ́n gógó, gbèsè bò ó mọ́lẹ̀. Bó bá ti sọ fún mi ni, à bá jọ jẹ gbèsè náà. Bí wọ́n bá ń sọ pé gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run, ojú rẹ̀ ni mo máa ń rí.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, 4:02 ìrọ̀lẹ́

Ọmọ Zémì, ṣé inú rẹ dùn nígbà tí gbèsè bò ó?

Ọmọ Zémì, 4:09 ìrọ̀lẹ́

Bàbá, díẹ̀.

Ìyá Aláṣọ (Àjàṣẹ́), Ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sẹ̀ kejì, 9:15 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo padà dé.

Mo bi í. Ọjọ́ ọjà kọ́, ìsọ̀ dá páropáro, ó ń ká aṣọ tí òjò pa. Mo bá a di etí kan mú, a jọ ń ká a. Mo ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ọ̀dọ̀ ta lo ti ń ra ọjà rẹ?" Kò gbójú sókè. Ó ká aṣọ náà lẹ́ẹ̀mejì sí i, ó fi ọwọ́ nà án, ó ní, "Ìyẹn ni n kò lè sọ fún ọ."

Àǹtí Ṣùkúrá, ẹ jàre.

Inú bí mi, ẹ má wulẹ̀ bi mí. Mo ju etí aṣọ tèmi sílẹ̀. Mo ní, "Ìwọ tí o pọn ọmọ mi!" Ó ní, "Èmi náà ni." Ó wá dìde. Ó ní nígbà tí Nàìjíríà ti ibodè pa ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, tí léèsì tán lọ́jà, ó ní èmi ní ìgàn mọ́kànlá tí mo kó sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, pé èmi ò sọ fún òun, pé mò ń tà á ní ìlọ́po méjì ní kọ̀rọ̀ nígbà tí òun ń jókòó tí òun ò rí tà. Ó ní ọmọ mi ló sọ fún òun, èyí tí òun pọ̀n.

Òótọ́ ni. Mo ti gbàgbé pátápátá. Ẹ gbọ́, mo ti gbàgbé! Ọdún yẹn ni mo fi san owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Òun ò gbàgbé. Gbogbo ọdún tí mo fi ń ka yáàdì rẹ̀, òun náà ń ka ìgàn mọ́kànlá.

A jà. Àwọn ará ọjà wá là wá. Ìjà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́rìndínlógún. Mo délé, mo jẹ àkàsà méjì pẹ̀lú ẹja, mo sùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Èmi fúnra mi ò mọ ìdí rẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ó rán ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wá pé kí n yá òun ní àlùmọ́gàjí. Òun fúnra rẹ̀ ní mẹ́ta nílé. Mo fún un.

Alfa Kékeré, 9:41 alẹ́

Alhamdulillah. Ṣé ẹ sọ fún un nípa ìjì yẹn?

Ìyá Aláṣọ, 9:44 alẹ́

Rárá o, Alfa. Ọmọ Alákétu ti bẹ̀ mí.

Ọmọ Alákétu (Kétu), 9:45 alẹ́

Ẹ ṣé, Ìyá.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, 9:58 alẹ́

Ṣé ẹ ṣì ń ka yáàdì rẹ̀?

Ìyá Aláṣọ, 10:06 alẹ́

Mo ṣì ń kà á. Lánàá mo kà á dé mẹ́rin, oníbàárà tèmi dé, ìṣirò dàrú mọ́ mi lójú.

Ọmọ Zémì (Àjàṣẹ́), 10:11 alẹ́

Ìyá wa, tábìlì yẹn ńkọ́? Káfíńtà kan wà ní àdúgbò mi tí kò ní í gbowó púpọ̀.

Ìyá Aláṣọ, 10:13 alẹ́

Mú un wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọmọ mi. Àmọ́ kó tètè dé o, ọjọ́ ọjà ni.